Ìgò Tí Mo Bá Nínú Àpò Ṣòkòtò Rẹ

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ràúfù, Àlàó ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ níbi tí o bá ti ń ka ìwé yìí. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, torí láti ìgbà tí mo ti bí ọ, n kò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Èmi náà ni mo máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé sọ lórí fóònù, kí ẹni tó ni ín wọ mọ́tò wá. Malete tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò sì jìn. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, mo sì mọ̀ ọ́. Bí a bá rí ara wa lónìí, mà á pariwo, ìwọ náà á dìde, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé kì í pariwo. Wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á dé ìparí.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹrin rèé tí n kò tíì fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Ìyá rẹ bi mí bóyá ojú ló ń dùn mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò tíì sọ fún un.

Ṣòkòtò búlúù tí o fi sílẹ̀ ní Sátidé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí itan rẹ̀ ti ya, tí o ní kí n fi ṣe àwòṣe fún aṣọ yìgì rẹ. Ọjọ́ Àìkú ni mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí n wọ̀n ọ́n. O mọ̀ pé n kì í wọn ṣòkòtò kí n má kọ́kọ́ tú àpò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí, mo ti bá oríṣiríṣi nínú àpò oníbàárà: tẹ̀sùbáà, kọ́kọ́rọ́, títí dórí eyín àtọwọ́dá tí ẹni tó ni ín jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kọ́ ló ni ín. N kò bá irú ti ọjọ́ náà rí. Ìgò kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, nǹkan bí òróró wà nínú rẹ̀, ó ti dín sí ìdajì. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí o fi bébà wé.

Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní, àbí ọmọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ mọ̀? Àánú rẹ ṣe mí gan-an. Mo fi ìgò náà sínú fìlà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Dámi, obìnrin ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ tó ni fámásì lójú títì wa.

Ó wo ara ìgò náà, ó sì tún yí i padà.

"Bàbá Ràúfù, níbo lẹ ti rí i, sà?"

"Àpò ọmọ mi ni. Ṣé ti ìtọ̀ ṣúgà ni?"

"Ì bá jẹ́ ti ìtọ̀ ṣúgà, ǹ bá bá yín dúpẹ́." Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ jókòó. Ràúfù yìí, ṣé ara rẹ̀ ti ń wú láìpẹ́ yìí?"

"Kò wú o. Ó sanra ni. Ó ń gbé irin ní jíìmù, ibẹ̀ náà ló ti ríṣẹ́ tó gbé e lọ sí Malete."

"Bàbá," ó ní, "ó wú ni."

Mo jókòó. Ó ní sìtẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń fi wò, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹni tí wọ́n fún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé irin ń fi ọwọ́ ara wọn gún un kí iṣan wọn lè wú kíá, wọ́n sì ń lo ìlọ́po ìlọ́po ohun tí dókítà lè fún ènìyàn. Ó ní wọ́n ṣe é kó jọ èròjà kan tí Ọlọ́hun fi sínú ara ọkùnrin, èyí tó ń hu irùngbọ̀n tó sì ń mú ohùn ki. Bí ara bá ti rí i pé ó ń ti ìta wọlé, ara á káwọ́ gbera, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́. Mo ní ó yé mi. Télọ̀ tí wọ́n bá ń kó aṣọ rírán wá fún láti ìta lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á ti máṣíìnì rẹ̀ pa.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Ó ní ọkàn náà iṣan ni, nǹkan yìí lè mú kó wú kó sì le, ọkàn tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ kò lè tu ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ á máa ru, á sì máa ki, èyí tó bá dì lè lọ dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, kí ọmọ ọgbọ̀n ọdún máa wọ́ ẹsẹ̀ bí arúgbó. Ó mẹ́nu kan ẹ̀dọ̀. Ó ní bíbínú sódì wà níbẹ̀, rorẹ́ ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ọyàn lè yọ lórí àyà ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, torí oníbàárà kan ti wọlé, ó ní kórópọ̀n lè sún kì, kí irúgbìn ọmọ tán nínú rẹ̀.

Àlàó, bó ṣe ń ka tirẹ̀ lórí ìka ni èmi náà ń ka tèmi nínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí o wá wọn aṣọ, o kò jẹ́ kí n wọ̀n ọ́ láìsí ẹ̀wù lọ́rùn. Mo ní láti ìgbà wo ni ìwọ ti ń tijú èmi tí mo wẹ̀ ọ́ dàgbà. Orí ń fọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Imú rẹ ṣẹ̀jẹ̀ sórí téèpù mi. Ṣáájú ìgbà náà ni o ti gbá abọ́ dànù níwájú ìyá rẹ nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, ìwọ tí o kì í gbé ojú sókè wò ó. A ní ìrònú ìyàwó ni.

Kí n tó bá ọ wí, jẹ́ kí n bá ara mi wí. Nígbà tí imú rẹ ṣẹ̀jẹ̀, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní ojú ni. Ẹni tí ara rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo Ṣàngó ń wò, kí ni ì bá tún ṣe é bí kò ṣe ojú aráyé? Mo lọ bá Àáfà, ó kọ hàǹtú sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, mo gbé e wá fún ọ. O mu ún níwájú mi, o sì ṣe àmín. Ìgò méjì ni o ń lò nígbà náà, ọ̀kan ṣoṣo ni èmi mọ̀. Mo ka ìyẹn sí ọ lọ́rùn, n kò ní purọ́. Ó dùn mí ju abọ́ tí o gbá lọ. Àdúà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àmín sí i ti ń fi ọwọ́ kejì tú u palẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà fámásì yẹn ni mo ti pè ọ́. Bí mo ṣe máa ń bi ọ́ náà ni mo bi ọ́: "Ṣé ara le?" O ní, "Ara le kókó, Bàbá." Ìgò náà wà lọ́wọ́ mi. Mo pa fóònù. O rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni, o sì tún pè mí padà lẹ́ẹ̀mejì. Nẹ́tíwọ̀kì kọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ara le. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kí ara àwọn ọmọ mi ó le kókó bí ọta. Ọlọ́hun mọ ohun tí mo ń wí, ìwọ lo gbọ́ ọ gba ibòmíràn. O lọ ra líle. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ ṣáájú èmi àtìwọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Èmi ò mọ̀ pé ara ọmọ mi ni òwe náà yóò bá wí.

Ó tún ku ẹ̀bi mi kan. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o gbẹ bí ìgbálẹ̀, mo máa ń bá àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tèmi kì í ná mi ní aṣọ, pé àjákù aṣọ àwọn ẹlòmíràn ti tó o. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín, n kò sì wo ojú rẹ dáadáa. Nígbà tí àyà rẹ wá kúrò ní méjìdínlógójì tó di mẹ́rìnlélógójì láàárín Iléyá sí àsìkò yìí, inú mi dùn débi pé mo kọ màṣá Alláà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìwọ̀n mi. Mo fi han àwọn ènìyàn. Télọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tó èmi yẹ kó mọ̀ pé ara tí Ọlọ́hun ń tọ́ kì í sáré bẹ́ẹ̀. Dárí jì mí lórí ìyẹn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ rí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn gan-an ni mo fẹ́ kí a wò. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn mi tẹ̀, mo sì sọ fún yín pé máṣíìnì ló tẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni.

Kí n tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ọjà Ìpàtà ni mo wà, tí mo ń já iṣu lára lọ́rì. Mo kéré sí ọ nígbà náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni, Múmíní. Ìyá rẹ ń bá ìyá tó bí i ta iṣu níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó máa wò mí. Ẹni tó bá ń ru ohun tí gbogbo ènìyàn ń rù, ta ni yóò wò ó? Múmíní wá mú kápúsù kan wá nínú ọ̀rá, lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn. Ó ní, "Lo méjì, o ò ní mọ̀ pé iṣu lò ń rù." Lóòótọ́ ni, n kò mọ̀. Mo ń ru ìlọ́po méjì láti òwúrọ̀ títí di Alásárì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo lè gbé lọ́rì náà gan-an. Ìyá rẹ wò mí. Mo gbọ́ tó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé wèrè ni mí.

Ní ọjọ́ kan, nǹkan dún ní ìdí ẹ̀yìn mi, mo sì gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Nítorí oògùn wà lára, n kò mọ ìrora, mo tún ru ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí i. Ó wá di ìrun Mọ̀gàríbì, mo tẹ̀ba lọ sí rúkúù, n kò lè dìde. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rò pé mo ń pẹ́ lórí àdúà ni. Wọ́n gbé mi lọ sílé bí mo ṣe tẹ̀ yẹn. Èmi fi kápúsù sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn mi kò gbà mí láyè mọ́, ọgbọ́n kọ́. Múmíní kò fi í sílẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú kí òun náà tó kú, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Títí tí ìyá rẹ̀ fi jáde láyé ló ń kí mi bí ọmọ rẹ̀, n kò sì lè là á lójú pé àwa méjèèjì la jọ lo ó.

Mo ti gbé ìyẹn dání láti ìgbà náà. Òun ló ń bá mi kọ ìwé yìí.

Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkíní, o ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ ni yóò dá a fi sílẹ̀. Ìyá Dámi kìlọ̀ èyí fún mi gidigidi. Ó ní ẹni tó bá já a lójijì láìsí dókítà, ara rẹ̀ tó ti gbàgbé iṣẹ́ kò ní tètè rántí, ìbànújẹ́ sì lè bò ó débi tí ayé á fi sú u. Bí ó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan péré, pè mí, ìgbà yòówù kó jẹ́. Ìyá Dámi ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀, a ó lọ rí i ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, wọ́n á wo ọkàn àti ẹ̀dọ̀ rẹ. Má bo nǹkan kan mọ́ dókítà lójú. Sọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, sọ iye tí o ń gún, bí oògùn oníhóró bá wà pẹ̀lú, sọ ọ́.

Èkejì, abẹ́rẹ́ yẹn. Bí ẹ̀yin ọkùnrin jíìmù bá ti jọ fi abẹ́rẹ́ kan náà gún ara yín rí, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, má sì tijú rẹ̀. Èyí tó kó jìnnìjìnnì bá mi jù nìyí: iṣẹ́ kọ́ọ̀ṣì tí o gbà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Malete. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo apá rẹ, wọ́n á bi ọ́ pé, "Kọ́ọ̀ṣì, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Bí o bá sọ fún wọn pé ẹ̀wà àti ẹyin ni, o ti purọ́ fún wọn. Bí o bá fi ìgò hàn wọ́n, o ti di Múmíní tó mú ọ̀rá wá fún mi. Bí o bá ti fún ọ̀kan nínú wọn, wá a rí, kí o sì mú un wá pẹ̀lú rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. N kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan lọ́nà.

Ráfíátù, àfẹ́sọ́nà rẹ. Sọ fún un kí wọ́n tó so yìgì. Ọmọ ọlọ́mọ á máa retí ìkókó lẹ́yìn yìgì. Ìyá Dámi ní ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pé ó sì ní àwọn tí kì í padà bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá tíì mọ èyí tí tìrẹ jẹ́, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ pé a kò mọ̀. Ẹ̀rù lè bà ọ́ pé yóò lọ. Ó lè lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ fẹ́ mi pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, torí òun nìkan ni mo sọ òtítọ́ fún.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ lórí abọ́ yẹn. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ra òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí o sì gba èyí lọ́wọ́ télọ̀. Mo ti wọn ọkùnrin tinrin, mo ti wọn oníkùn, mo ti wọn ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. N kò lé ẹnì kan padà rí pé kó lọ wá ara mìíràn wá. Aṣọ ni à ń gé bá ara mu, a kì í gé ara bá aṣọ mu. Bí o bá fẹ́ràn irin, máa gbé e, Ọlọ́hun kò bínú sí irin. Gbé èyí tí ara tìrẹ bá lè gbé.

Mo ti rán ibi tó ya lára ṣòkòtò búlúù náà, dẹ́rẹ́bà mọ́tò Malete ni yóò gbé e wá fún ọ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Inú àpò tí mo ti bá ìgò ni mo fi lẹ́tà yìí sí. Ìgò náà ń bẹ lọ́dọ̀ mi, dókítà ni mo máa fà á lé lọ́wọ́. Aṣọ yìgì rẹ wà lórí tábìlì, n kò tíì gé e, n kò sì ní fi ìwọ̀n tí mo kọ màṣá Alláà sí gé e. Bí àyà rẹ bá padà sí méjìdínlógójì, mà á gé e ní méjìdínlógójì, tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́la, mà á pè ọ́. N kò ní bi ọ́ pé ṣé ara le. Mà á bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni. Bí kì í bá ṣe àlàáfíà, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Bàbá, kì í ṣe àlàáfíà." Mà á wọ mọ́tò wá bá ọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tí kì í ṣe máṣíìnì ló tẹ̀ ẹ́.